Ìrẹsì àti Ẹja ní Saint-Louis: Orírun Jọ́lọ̀fù

Bóyá ni a lè rí ibi ìkómọjáde, ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú arúgbó kan ní ilẹ̀ Yorùbá lóde òní tí a kò ní fi ìrẹsì jọ́lọ̀fù ṣe àlejò níbẹ̀. Nínú ilé pàápàá, ní ọjọ́ Àìkú àti ní ọjọ́ ọdún, òun ni àwọn ọmọ máa ń retí, pẹ̀lú ẹja díndín lórí rẹ̀. Ó ti bá wa gbé pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé kò fi ní gbà bí a bá sọ fún un pé àlejò ni. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ, orúkọ tí oúnjẹ yìí sì ń jẹ́ ń tọ́ka sí ilé tí ó ti wá. Jolof ni orúkọ ìjọba ńlá kan tí àwọn Wolof dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Sẹ̀nẹ̀gàl lónìí. Àwọn Wolof náà ní oúnjẹ kan tí wọ́n ń pè ní ceebu jën, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ìyá gbogbo jọ́lọ̀fù tí ó wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju ìrẹsì ẹlẹ́ja lọ: ceeb ni ìrẹsì, jën ni ẹja. Bí ìrẹsì àti ẹja ṣe pàdé nínú ìkòkò kan náà ní etí òkun Sẹ̀nẹ̀gàl jẹ́ ìtàn ìjọba, ìtàn oko, àti ìtàn ọgbọ́n obìnrin. Ẹ̀kọ́ tí ó sì wà nínú rẹ̀ kan ilẹ̀ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n.

Kí á tó wọ inú ìtàn náà, ó tọ́ kí á mọ bí a ti ń se oúnjẹ ọ̀hún. Ní ilé àwọn Wolof, obìnrin tí ó ń dáná yóò kọ́kọ́ gún ewé olóòórùn dídùn, aáyù, ata àti iyọ̀ pọ̀ nínú odó. Rof ni wọ́n ń pe èyí. Yóò fi ọ̀bẹ dá ihò sí ara ẹja tútù tí ó ti gé, yóò sì ki rof náà bọ inú ihò wọ̀nyí. Nígbà tí òróró bá gbóná dáadáa, yóò din ẹja náà, yóò sì yọ ọ́ sí apá kan. Inú òróró kan náà, tí adùn ẹja ti wọ̀, ni yóò ti din àlùbọ́sà àti tòmátì títí kíkan tòmátì yóò fi lọ. Lẹ́yìn èyí ni yóò bu omi sí i, tí yóò kó ẹ̀gẹ́, kábéèjì, kárọ́ọ̀tì, ikàn àti ilá sí i, tí yóò sì dá ẹja padà kí gbogbo wọn lè jọ hó. Ẹja gbígbẹ kan tí òórùn rẹ̀ le, tí wọ́n ń pè ní guedj, àti ẹran ìgbín òkun tí wọ́n ń pè ní yét, ni ó ń ṣe irú iṣẹ́ tí irú ń ṣe nínú ọbẹ̀ Yorùbá.

Nígbà tí ẹja àti ẹ̀fọ́ bá jinná, yóò kó wọn kúrò nínú ìkòkò. Omi ọbẹ̀ tí ó kù ni yóò da ìrẹsì sí. Ìrẹsì yóò mu omi náà tán. Èyí tí ó wà ní ìsàlẹ̀ yóò gbẹ, yóò sì lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Xooñ ni orúkọ èyí, a sì máa ń ha á fún àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ Yorùbá náà ti ń du ìdí ìkòkò. Inú àwo ńlá kan ṣoṣo ni gbogbo ará ilé ti jọ ń jẹun, ẹja àti ẹ̀fọ́ wà láàárín, ìrẹsì sì yí wọn ká.

Ẹni tí ó bá rí oúnjẹ yìí lè rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn Wolof ti ń jẹ ìrẹsì lójoojúmọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn sọ pé Ndiadiane Ndiaye ni ó tẹ ìjọba Jolof dó. Ìjọba náà ti gbilẹ̀ dáadáa nígbà tí àwọn Potogí ń ná ọjà ní etíkun náà ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ní nǹkan bí 1549, lẹ́yìn ogun Danki, Kajoor já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ Jolof, àwọn ìlú bíi Waalo àti Bawol náà sì ń dá ìjọba ara wọn ṣe. Ní gbogbo àkókò yìí, ọkà jéró àti ọkà bàbà ni ó ń bọ́ ilé. Àwọn obìnrin a máa gún un, wọn a kù ú, wọn a bu omi wọ́n ìyẹ̀fun náà, wọn a fi ọwọ́ rọ́ ọ títí yóò fi di hóró wẹ́wẹ́, wọn a sì gbé e lé orí ìkòkò tí omi ń hó nínú rẹ̀ kí ooru lè sè é. Cere ni wọ́n ń pe oúnjẹ yìí. Wọ́n ń fi ọbẹ̀ jẹ ẹ́, wọ́n sì ń fi wàrà mu ún.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ìrẹsì ṣàjèjì sí ilẹ̀ Áfíríkà. Ó ju 2,000 ọdún lọ tí àwọn àgbẹ̀ tí ń gbé ní ibi tí odò Ọya ti tẹ́ rẹrẹ ní ilẹ̀ Málì ti ń gbin irú ìrẹsì kan tí ó jẹ́ ti Áfíríkà fúnra rẹ̀. Oryza glaberrima ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ohun ọ̀gbìn ń pè é, ó sì yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ Éṣíà. Ní gúúsù Sẹ̀nẹ̀gàl gan-an, ní agbègbè tí à ń pè ní Casamance, àwọn ẹ̀yà Jola ti jẹ́ ọ̀gá nínú gbígbin ìrẹsì láti ìgbà pípẹ́. Wọ́n ń mọ ògiri amọ̀ láti fi dí omi iyọ̀ òkun lọ́nà, kí omi òjò lè fọ iyọ̀ kúrò nínú ilẹ̀. Ọkùnrin ni ó ń fi ọkọ́ gígùn tu ilẹ̀, obìnrin ni ó sì ń lọ ìrẹsì náà sí ojú oko. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ pé ìrẹsì wá láti òkè òkun sí àwo àwọn Wolof, kí á má ṣe rò pé nítorí pé Sẹ̀nẹ̀gàl kò mọ ìrẹsì gbìn ni. Ìdí mìíràn wà, ẹ̀pà sì ni ìdí náà.

Ní 1659 ni àwọn Faransé kọ́ odi sí erékùṣù Ndar, ní ibi tí odò Sẹ̀nẹ̀gàl ti ń wọ inú òkun, wọ́n sì sọ ibẹ̀ ní Saint-Louis. Fún nǹkan bí 200 ọdún, oje igi, wúrà àti ẹrú ni wọ́n ń rà níbẹ̀. Nígbà tí òwò ẹrú di ohun tí òfin kọ̀, àwọn oníṣòwò ń wá nǹkan mìíràn tí wọn yóò máa kó lọ. Ní nǹkan bí 1840, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹ̀pà fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń fún òróró tí wọ́n sì ń ṣe ọṣẹ ní ilẹ̀ Faransé, pàápàá ní Marseille. Faidherbe, tí ó jẹ gómìnà ní Saint-Louis láti 1854 sí 1861, àti láti 1863 sí 1865, fi ogun gba ilẹ̀ púpọ̀ kí òwò náà lè gbòòrò.

Kajoor ni ilẹ̀ ẹ̀pà tí ó dára jù lọ. Àwọn Faransé fẹ́ la ọ̀nà ojú irin gba àárín rẹ̀ láti Dakar dé Saint-Louis kí wọ́n lè máa kó ẹ̀pà jáde. Lat Dior, ọba Kajoor, ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí i pé ọ̀nà náà ni yóò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ òun, ó kọ̀ jálẹ̀. Ní 1885, rélùwéè bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ní oṣù October 1886, Lat Dior kú sí ojú ogun ní Dekhlé. Láti ìgbà náà ni òwò ẹ̀pà ti di ọba ní ilẹ̀ àwọn Wolof.

Ó yẹ kí á fara balẹ̀ wo ohun tí èyí ṣe fún oko. Òjò kan náà ni ẹ̀pà àti jéró ń dúró dè. Ọwọ́ kan náà ni ó sì ń ro àwọn méjèèjì. Àgbẹ̀ tí ó ní láti san owó orí fún ìjọba kò lè fi jéró san án. Ẹ̀pà ni yóò mú owó wá. Bí oko ẹ̀pà ti ń fẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni oko jéró ń kéré sí i. Nígbà tí ó bá di àkókò òjò, tí oúnjẹ ọdún tí ó kọjá ti tán tí ti ọdún tuntun kò sì tíì jinná, oníṣòwò yóò fún àgbẹ̀ ní oúnjẹ ní àwìn, àgbẹ̀ yóò sì fi ẹ̀pà san án ní ìgbà ìkórè pẹ̀lú èlé. Ìrẹsì sì ni oúnjẹ tí ó rọrùn jù fún oníṣòwò láti kó wá. Àwọn Faransé ti gba ìlú Saigon ní 1859, wọ́n sì ń sọ Indochina di tiwọn. Ìrẹsì pọ̀ níbẹ̀ lọ rẹpẹtẹ. Nígbà tí a bá bó ìrẹsì náà lẹ́po tí a sì kù ú, odidi hóró ni a ń yà sọ́tọ̀ fún ẹni tí ó lówó. Èyí tí ó fọ́ wẹ́wẹ́ kò níye lórí púpọ̀. Èérún ìrẹsì yìí ni wọ́n kó sínú ọkọ̀ wá sí Sẹ̀nẹ̀gàl. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé àwọn ará Saint-Louis bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ohun tí àwọn ẹlòmíràn ṣà kù, kí ilẹ̀ wọn lè máa pèsè òróró fún ọṣẹ Marseille.

Ní ibi yìí ni ọgbọ́n obìnrin ti wọ inú ìtàn náà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní Saint-Louis so ìpilẹ̀ṣẹ̀ ceebu jën mọ́ orúkọ alásè kan, Penda Mbaye. Wọ́n ní ilé gómìnà ni ó ti ń se oúnjẹ, pé nígbà tí ọkà tí ó máa ń lò tán, ó mú ìrẹsì, ó sì fi ẹja àti ẹ̀fọ́ sè é. Títí di òní, irú èyí tí tòmátì mú pupa ni wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ pè. Bí gbogbo rẹ̀ tilẹ̀ rí bí wọ́n ti sọ ọ́, kò lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Bí a bá wo ọ̀nà tí a ń gbà sè é, a ó rí àmì ọwọ́ ọ̀pọ̀ ìyá nínú rẹ̀. Obìnrin Wolof kì í da ìrẹsì gbígbẹ sínú ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, yóò sì gbé e lé orí ìkòkò ọbẹ̀ tí ń hó kí ooru lè rọ̀ ọ́, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ àgbà ti ń ṣe cere. Hóró ìrẹsì tí ó fọ́ wẹ́wẹ́ náà kò sì tóbi púpọ̀ ju hóró cere lọ. Ọgbọ́n àtijọ́ ni wọ́n fi gba ọkà àjèjì. Ohun tí oníṣòwò kà sí ìdọ̀tí wá di ohun tí ó dára jù, nítorí pé ìrẹsì wẹ́wẹ́ ń mu òróró àti omi ẹja ju odidi lọ. Láti ìgbà náà, bí a bá gbé odidi ìrẹsì fún obìnrin Saint-Louis pé kí ó fi se ceebu jën, yóò ní kò dára tó.

Ẹja kò ní láti ti ibì kankan wá. Guet Ndar, àdúgbò àwọn apẹja, wà lórí yanrìn tóóró tí ó wà láàárín odò àti òkun ní Saint-Louis. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ń wa ọkọ̀ onígi tí wọ́n fi ọ̀dà kùn ní oríṣiríṣi àwọ̀, wọ́n sì ń la ìgbì òkun tí ó le kọjá. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ni ó ń ta ẹja, tí wọ́n sì ń sá èyí tí kò tà. Nínú gbogbo ẹja tí wọ́n ń pa, thiof ni ọba. Ara rẹ̀ funfun, ó le, kì í sì í tú nínú ìkòkò. Ilé tí a bá ti fi thiof se ceebu jën fún àlejò, a ti bu ọlá fún àlejò náà. Òróró tí wọ́n fi ń din ín, òróró ẹ̀pà ni. Báyìí ni gbogbo ìtàn ilẹ̀ náà ṣe pàdé nínú ìkòkò kan: ẹja láti inú òkun wọn, òróró láti inú ẹ̀pà tí ó gba oko wọn, àti ìrẹsì tí ẹ̀pà náà mú kí wọ́n máa rà.

Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ náà ti dùn tó, ó ní gbèsè lábẹ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ kò lè ti Indochina kó ìrẹsì wá mọ́, ebi sì wọ ìlú. Ìgbà náà ni ìjọba Faransé rí i pé ewu ni kí ìlú máa gbójú lé oko tí ó wà ní òdìkejì ayé. Lẹ́yìn ogun náà wọ́n dá oko ìrẹsì ńlá sílẹ̀ ní Richard-Toll, ní etí odò Sẹ̀nẹ̀gàl. Orílẹ̀-èdè náà gba òmìnira ní 1960, Léopold Sédar Senghor sì di ààrẹ. Ṣùgbọ́n ìrẹsì òkèèrè ń wọlé síbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, ìrèké ni ó gba ilẹ̀ ìrẹsì ní Richard-Toll. Wọ́n kọ́ odi Diama ní 1986, kí omi iyọ̀ má baà wọ inú odò, àti odi Manantali ní Málì ní 1988, kí omi lè wà ní gbogbo ọdún. Àwọn odi wọ̀nyí mú kí àgbẹ̀ àfonífojì náà lè gbin ìrẹsì púpọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Síbẹ̀, kò tó fún ìkòkò tí a ń gbé kaná lójoojúmọ́. Nígbà tí owó ìrẹsì gbówó lórí ní gbogbo ayé ní 2008, àwọn ènìyàn tú jáde sí ìgboro Dakar láti fi ẹ̀hónú hàn. Ní 2022, ìjọba Íńdíà fi òfin de títa ìrẹsì wẹ́wẹ́ sí òkè òkun, gbogbo ẹni tí ó ń se ceebu jën sì ní ìdí láti bẹ̀rù.

Ẹja pàápàá kò sí ní àrọ́wọ́tó mọ́ bí ti àtijọ́. Àwọn ọkọ̀ apẹja ńlá láti òkèèrè ń fi àwọ̀n gbá òkun, thiof tí ó sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará ilé ń gba owó púpọ̀ ní Yúróòpù. Ọ̀pọ̀ ilé tí ń fi thiof se oúnjẹ tẹ́lẹ̀ ń fi ẹja kéékèèké tí wọ́n ń pè ní yaboy se é báyìí, òun náà sì ń wọ́n. Ní oṣù December 2021, UNESCO kọ ceebu jën sínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá ọmọ aráyé. Ọlá ńlá ni èyí fún Penda Mbaye àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọlá tí a fún ìkòkò kò lè kún ìkòkò. Nínú ọdún tí ayé ń yìn wọ́n yìí, òkèèrè ni ọ̀pọ̀ nínú ìrẹsì tí wọ́n ń sè ti ń wá.

Kí ni èyí kan ilẹ̀ Yorùbá sí? Jọ́lọ̀fù tí ó dé ọ̀dọ̀ wa ti yí padà lójú ọ̀nà. Àwa kì í fi ìrẹsì wẹ́wẹ́ sè é. Odidi hóró gígùn tí a ti bọ̀ kí a tó bó o ni a fẹ́. A yọ ẹ̀gẹ́ àti kábéèjì kúrò, a fi ata rodo àti tàtàṣé kún un, a sì ń din ẹja lọ́tọ̀ tí a ó gbé e lé e lórí. Àwọn ìyá wa náà ti sọ àlejò di ọmọ ilé. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ń jọ wọ́n nínú ọgbọ́n ìdáná, ẹ jẹ́ kí á wò ó bóyá a kò jọ wọ́n nínú gbèsè.

Kòkó kọ́ ni ó ṣe fún Yorùbá ohun tí ẹ̀pà ṣe fún Wolof. Àgbẹ̀ kòkó a máa gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kókò sí àárín igi kòkó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà kí wọ́n lè fi òjìji bò ó, oúnjẹ kò sì tán nínú oko náà. Ní àwọn ọdún 1950, iṣu, àmàlà, ẹ̀kọ àti ẹ̀bà ni ó ń bọ́ ilé. Ọjọ́ ọdún ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń rí ìrẹsì. Epo rọ̀bì ni ẹ̀pà tiwa. Nígbà tí owó rẹ̀ ya wọlé ní àwọn ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́ fi oko sílẹ̀ lọ sí ìgboro, ìrẹsì òkèèrè sì di oúnjẹ ojoojúmọ́. Ìjọba rí i. Ní 1976 wọ́n rọ gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n padà sí oko. Láti 1985 títí di 1995 wọ́n fi òfin de ìrẹsì òkèèrè. Ní oṣù August 2019 wọ́n ti ẹnu ibodè orí ilẹ̀ pa, wọn kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i títí di oṣù December 2020. Ìrẹsì kò yé gba Sẹ̀mẹ̀ àti ọ̀nà igbó wọlé, nítorí pé òfin kì í gbin nǹkan.

Ohun tí ó ń gbìn wà nítòsí. Ọ̀fàdà ní ìpínlẹ̀ Ògùn ti fún ìrẹsì pupa olóòórùn rẹ̀ ní orúkọ, Igbẹ́mọ ní Èkìtì sì ti gbajúmọ̀ fún ìrẹsì láti ìgbà pípẹ́. Ìgbà kan wà tí ọmọ ìlú ńlá ń tijú láti fi ìrẹsì Ọ̀fàdà ṣe àlejò nítorí òkúta àti òórùn rẹ̀. Lónìí, nínú ewé ni a ti ń bù ú ní ibi ìnáwó àwọn ọlọ́lá, owó rẹ̀ sì ju ti òkèèrè lọ. Bí obìnrin Saint-Louis ti sọ èérún di oúnjẹ iyì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn alásè wa sọ ìrẹsì tí a ń tijú rẹ̀ di ohun àmúyangàn. Ní oṣù January 2023 ni wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń bó ìrẹsì ní Ìmọ̀ta ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ̀rọ ti wà. Ìrẹsì tí ẹ̀rọ náà yóò bó ni ó kù kí oko máa pèsè.

Àwọn Wolof ti fi hàn pé kò sí ọkà tí ọwọ́ obìnrin kò lè sọ di ti ilé. Èyí tí ìtàn wọn tún fi hàn ni pé ọwọ́ tí ń sè kò lè dá iṣẹ́ ọwọ́ tí ń gbìn ṣe. Lat Dior kú nítorí ọ̀nà tí ẹ̀pà ń gbà jáde. Ìrẹsì ni ó gba ọ̀nà òkun wọlé dípò jéró rẹ̀, ó sì ń gba ibẹ̀ wọlé títí di òní. Ìyá tí ó bá ń din ẹja fún jọ́lọ̀fù ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó ní ọjọ́ Àìkú ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ bí ó ti yẹ. Oko tí ó yẹ kí ìrẹsì inú ìkòkò rẹ̀ ti wá ni ó ń dúró de ẹni tí yóò ro ó.